Ọkọ̀ Tó Ń Mu Omi Lórí Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé ṣe rí lórílẹ̀-èdè yìí, kó má wulẹ̀ gbọ́ rédíò. Kó yà sí àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Odindi oṣù mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ ojú omi kan fi jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́ta ni gígùn rẹ̀, ó gba àgbàlá láti ẹnu géètì títí dé ilé ìdáná mi. Tí mo bá fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún imú ọkọ̀ kí n tó wọlé. Mo ti gbàgbé láti tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àpá rẹ̀ sì wà níwájú orí mi.

Kí ẹ tó bi mí: rárá, kò sí odò nítòsí wa tó lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá rí i máa ń wo ọkọ mi bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé. Ràsákì lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ ló ń kàn, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ọmọ etí omi ni bàbá yẹn, ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ wa lókè níbí ni gẹdú ti ń bọ̀, àti pé tí wọ́n bá la gẹdú tán, ìdajì rẹ̀ ló ń di èérún àti igi ìdáná. Ó ní òun ò lè máa san owó lọ́rì fún igi ìdáná. Ló bá kó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń kan ọkọ̀ nídìí gẹdú. Tí ọ̀kan bá parí, wọ́n á gbé e sórí lọ́rì, ó di Ẹ̀pẹ́, ó di inú ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí ọgbà iwájú ilé wa fi jẹ́ pákó lásán. Ọgbà tí à ń tú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ta ni yóò fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni mo wí, nígbà tí ayé ṣì dára. Àwọn tó ń kó yanrìn, àwọn tó ń kó pákó, àwọn tó ń kó gàrí, gbogbo wọn ló ń wá bá ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ni epo gbówó lórí, náírà sì já wálẹ̀ bí àgbọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti irú ọkọ̀ wọ̀nyí, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Owó ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wá ju owó ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ so ọkọ̀ wọn mọ́ èèkàn, àwọn mìíràn tú ẹ́ńjìnnì tà kí wọ́n lè fi ra oúnjẹ. Omi wà, ọkọ̀ wà, kò sí ohun tí yóò ti ọkọ̀ lórí omi.

Albert ló ni ọkọ̀ tó wà lágbàlá wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti ọmọ wa Hanifah lọ, Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, ẹrù ló sì ń kó lórí ọ̀sà. Kò jẹ wá ní kọ́bọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó sanwó pákó, ó sanwó iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ parí, ọkọ mi pè é pé kó wá gbé e. Albert ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mi ò tíì rí ẹ́ńjìnnì.” Ìgbà díẹ̀ yẹn ló di oṣù mẹ́rìnlá.

Bàbá ọkọ mi fi òfin méjì sílẹ̀ kó tó kú. Èkíní: ọkọ̀ tó bá parí gbọ́dọ̀ mu omi kí ogójì ọjọ́ tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pákó á gbẹ, á sún kúrò lára ara wọn, òwú àti ọ̀dà tí wọ́n fi dí ojú wọn á já, ọkọ̀ á di igi ìdáná. Èyí jẹ́ òtítọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ igi mọ̀ ọ́n. Èkejì: a kì í gbé egungun ọkọ̀ mìíràn kalẹ̀ nínú àgbàlá tí ọkọ̀ tó parí wà níbẹ̀ tí kò tíì kan omi. Ó ní ẹni tó bá ṣe é, ọkọ̀ méjèèjì ni kò ní padà wálé láti ojú omi. Èyí ò ní ìdí kankan tí mo lè rí, òun sì ni ọkọ mi dì mú jù. Bàbá ò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí dọ́là bá wọ́n.

Ọkùnrin kan wá láti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ó di oṣù kejì, ó fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó lè fi pẹja. Owó wà lápò rẹ̀. Ràsákì fi ọwọ́ tọ́ka sí ọkọ̀ Albert. Ó ní, “Èyí ò tíì lọ.” Ọkùnrin náà ní òun rí i pé kò tíì lọ. Ràsákì ní kó padà wá bó bá lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo fi eyín gé ètè mi kí n má baà sọ ohun tí a máa fi bẹ ara wa lálẹ́.

Ní ti òfin àkọ́kọ́, ó wá ọgbọ́n sí i. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ogójì ọjọ́ pé, ọyẹ́ sì ń gbá pákó bí ẹni ń gbá ọmọ, ó ní kí wọ́n kó yanrìn wá, ó fi gbá ìdí ọkọ̀ yí ká kó má baà bẹ́. Ó tan ẹ̀rọ omi wa, ó na rọ́bà láti ẹnu kànga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi sínú ọkọ̀. Nígbà tí omi fi dé orúnkún, epo jẹnẹrétọ̀ wa ti tán, àwa náà ò sì tíì wẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó tẹ́tí, ó ní ó dáa.

Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ ti wá kan omi báyìí, kó lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ó ní, “Omi ló wá bá ọkọ̀. Ọkọ̀ ló yẹ kó lọ bá omi.”

Mo ní kó lọ bi Ààfáà léèrè bóyá ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní Ààfáà ò kan ọkọ̀ rí.

Báyìí ni a ṣe di ìran wíwò ládùúgbò. Ẹni àkọ́kọ́ tó pe ọkọ mi ní Ànábì Nùhù, mo rẹ́rìn-ín, mo fún un lómi mu. Nígbà tí ó di ẹni ogójì, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lójú.

Ẹ̀fọn ni ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Omi tó dúró sójú kan, ẹ̀fọn á yé sí i, kò bìkítà bóyá inú ọkọ̀ ni tàbí inú ìkòkò. Tanwíjí kún inú ọkọ̀ wa, wọ́n ń jó. Ibà mú adúgbò. Ẹnì kan tí mo mọ̀, tí mi ò ní dárúkọ nítorí pé a jọ ń kírun nínú ilé kan náà ni, lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n sì rán wọléwọlé sí wa.

Susannah lorúkọ wọléwọlé náà, obìnrin kúkúrú kan tó fún ìwé mọ́ àyà bí ẹni pé a fẹ́ jà á gbà. Ó gun àkàsọ̀, ó yọjú wo inú ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin òbí mi, omi dídúró nìyí. Ẹ gbọ́dọ̀ dà á nù láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ni.”

Ràsákì ní bí òun bá dà á nù, ọkọ̀ á kú.

Susannah ronú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, “Tó bá jẹ́ adágún ẹja ni, ìwé mìíràn ni màá kọ. Ẹja máa ń jẹ tanwíjí. Ṣé ọkọ̀ ni àbí adágún?”

Ọkọ mi ní, “Ọkọ̀ ni.”

Èmi ní, “Adágún ni.”

Ó wo ọkọ mi, ó wo èmi náà. Ó ní, “Màá padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹ ti fẹnu kò kí n tó dé.”

Èmi Fàtímọ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ta àǹkárá ní ọjà Òkè-Àjẹ. Ṣọ́ọ̀bù mi ti ń kú lọ lásìkò náà. Ẹni tí ebi ń pa kì í ra àǹkárá, á ní èyí tó wà nílé ṣì mọ́. Mo kó ìyókù ọjà mi, mo tà á lọ́pọ̀, mo fi ra ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja àrọ̀, mo dà wọ́n sínú ọkọ̀ Albert. Mo fi fóònù sọ fún un. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣe ohun tó bá wù yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọkọ̀ mi máa mí.” Ẹja jẹ tanwíjí tán ní ọjọ́ méjì, wọ́n gbójú sókè wò mí pé kí ló kù. Susannah padà wá, ó wo inú ọkọ̀, ó kọ ìwé mìíràn. Ó ní kí n má gbàgbé òun tí wọ́n bá dàgbà, mi ò sì gbàgbé rẹ̀.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, ẹja yẹn ló bọ́ wa. Ìpele àkọ́kọ́ dàgbà, mo tà á, mo fi ra ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn kó máa kó ẹrù lórí omi, omi àti ẹja ló ń kó lórí ilẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí mo gbọ́ pé ó ń pa owó wọlé lọ́dún yẹn láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìwòpin.

Ràsákì kì í sọ̀rọ̀ ẹja. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá, á lọ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti imú dé ìdí, á tẹ́tí sí i, á padà sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń kí ọkọ̀, kì í kí ẹja. Á wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ síta, ìfági, òòlù, àáké tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, á pọ́n èyí tó mú tẹ́lẹ̀, á fi òróró pa èyí tí a ti pa lóróró lánàá, á kó wọn wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn àti pósí. Òun náà dán ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀kan nítorí tèmi. Ilẹ̀kùn náà tẹ̀ níbàdí. Ẹni tó ni ín gbé e dé ilé, kò bá ojú ọ̀nà mu, ó gbé e padà wá, òun náà la sì fi bo kànga di òní olónìí. Ọwọ́ tó ti fi ọdún márùndínlọ́gọ́ta tẹ pákó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ gbọọrọ.

Ó rù. Ẹ̀wù rẹ̀ wá ń fẹ́ lára rẹ̀. Mo máa ń ṣe ìkọ́kọrẹ́ fún un, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé, á jẹ ẹ́ dé ìdajì, á ní ó dùn, á gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo máa ń pariwo lé e lórí lójoojúmọ́ kó má baà mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọkọ̀ yìí kò ní lọ, òun kò ní kan òmíràn, á sì jókòó sórí àga yẹn títí tí wọ́n á fi wá gbé e níbẹ̀.

Ọjọ́ Àtìní kan ni Albert pè. Etí ọkọ mi ti ń wúwo, nítorí náà fóònù rẹ̀ máa ń pariwo tí gbogbo ilé á fi gbọ́. Mo wà nílé ìdáná, mò ń po oúnjẹ ẹja. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìpele kejì tó ọjà tà.

Albert ní, “Bàbá, Ọlọ́run ti gbọ́ o! Iléeṣẹ́ kan tó ń kó ìyẹ̀fun, owó epo díísù ti jẹ wọ́n tán lójú títì. Wọ́n ní kí n máa bá wọn kó o gba orí omi. Èmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi méjì dáwó, a ti ra ẹ́ńjìnnì, àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ń dún. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ onírin àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa yá tí mi ò bá yọjú.”

Mo dúró pẹ̀lú oúnjẹ ẹja lọ́wọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ pariwo. Mo gba ojú fèrèsé wo ọkọ mi. Èmi ni òun náà ń wò. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo abọ́, ó wo inú ọkọ̀ níbi tí ẹja ti ń ta omi.

Ó ní, “Albert, kò tíì parí.”

“Bàbá?”

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Bàbá, ẹ ní ó ti parí lọ́dún tó kọjá.”

“Mo tún rí nǹkan nínú rẹ̀.”

“Wọn ò ní dúró dè mí o, Bàbá.”

“Kí wọ́n máa lọ.” Ó pa fóònù. Ó mú ìfági, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa á.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí. Kò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi, ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé wọn? Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ, Albert ló sì ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí kò purọ́ fún oníbàárà rí, tó jókòó gbẹ fún oṣù mẹ́rìnlá nítorí ọkọ̀ kan, ló fẹ́ tún gbẹ sí i nítorí ẹja mi. Inú bí mi. Omijé sì ń bọ́ sínú oúnjẹ ẹja. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo lọ gba fóònù lórí itan rẹ̀, mo pe Albert padà.

“Albert, Ìyá Hanifah ni. Gbé lọ́rì wá lọ́jọ́ Alàmísì.”

“Màmá, Bàbá ní kò tíì parí.”

“Bàbá ń ṣàwàdà.”

“Màmá, Bàbá kì í ṣàwàdà.”

“Òní ló bẹ̀rẹ̀.”

Ràsákì ò gbójú sókè. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ẹja rẹ ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ẹ bójú tó ọkọ̀ yín, kí èmi bójú tó ẹja mi.” Mo padà sílé ìdáná, mo sì fi orí gbá imú ọkọ̀ nígbà karùn-ún.

Ẹja tí kò tíì tó tà, ẹni tó ní adágún tó máa sìn ín lọ ló lè rà á. Mo mọ ọ̀kan, Ṣíjúadé, ní Ibefun. Ó dé lọ́jọ́ Alárùba pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún àgbá omi. Iye tó dá fún mi, mo fi inú ṣépè fún un, mo sì fi ẹnu kí i pé ó ṣeun. Mo pàdánù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò pàdánù. Oṣù márùn-ún ni mo fi bọ́ ẹja yẹn, ìṣojú mi sì ni wọ́n ṣe kó wọn lọ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ ìsinmi.

Ṣíjúadé bọ́ bàtà, ó wọnú ọkọ̀, ó ń fi àwọ̀n kó ẹja. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa pákó. Ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ó dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn, oníbàárà àǹkárá náà máa ń ṣe é tó bá ti rí èyí tó wù ú.

Ó ní, “Ìyá, oṣù mélòó ni omi ti wà nínú adágún yìí?”

“Mẹ́tàlá.”

“Kò sì jò?”

“Ìwọ ló wà níbẹ̀. Ṣé ó jò?”

Ó ní, “Ta ló kàn án?”

Láti abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ mi ti dáhùn. “Ọkọ̀ ni.”

Ṣíjúadé ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ní adágún onísìmẹ́ńtì òun ti sán, iye sìmẹ́ńtì lásìkò yìí sì ń mú òun láyà. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe, eku ti jẹ ẹ́ lu. Pákó rèé ní Ìjẹ̀bú, kò sí dọ́là nínú rẹ̀. Ó fẹ́ mẹ́rin irú èyí. Mo ní kó gbé ẹnu dákẹ́, kó má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ọjọ́ Alàmísì kọjá ná. Mo mọ irú ọkọ tí mo fẹ́.

Alàmísì dé. Wọ́n tú ọgbà. Adúgbò jáde, àwọn tó ń pè wá ní Ànábì Nùhù ló kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń ké pé ẹ rọra, ẹ rọra, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kàn án. Kireenì gbé ọkọ̀ sókè, omi tó kù nínú rẹ̀ dà sórí Susannah, tó wá wò bóyá a ní ìwé àṣẹ láti gbé adágún. Lọ́rì mú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pọ̀n. Èmi àti ọkọ mi jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí Ràsákì ti kàn láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, mi ò tẹ̀lé ọ̀kankan lọ dé omi rí. Kò ní kí n wá, mi ò sì bèèrè. Lọ́jọ́ yìí mo kàn gun lọ́rì ni, ó sì sún fún mi.

Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà. Ràsákì ò dúró kó bọ́ bàtà, ó wọnú omi pẹ̀lú ṣòkòtò ìrun rẹ̀, ó gun inú ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ojú pákó kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó tún ń tẹ́tí. Albert àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àlòkù wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó yára. Wákàtí kan gbáko ni. Nígbà tó dìde, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ tó rin fún omi ti gbẹ. Omi kankan ò wọlé.

Albert náà wọlé, ó fa imú. “Bàbá, kí ló ń rùn bí ẹja báyìí?”

Ràsákì ní, “Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ máa ń rùn bí ẹja.”

Wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó wá dún. Ọkọ̀ yí imú sí ọ̀sà, ó sì ń lọ, ó fúyẹ́ lórí omi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rántí gbogbo ìgbà tí mo ti bú u. Mo wo ọkọ mi. Omijé wà lójú rẹ̀, mi ò sì ní parọ́ pé afẹ́fẹ́ ló kó nǹkan sí i lójú. Èmi náà sunkún. A dúró síbẹ̀ bí òbí tó sin ìyàwó lọ ilé ọkọ, títí a ò fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́.

Nígbà tí a ń padà, lọ́rì òfìfo ń fò lórí gbogbo kòtò. Mo jẹ́ kí a jìnnà sí omi díẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo sọ fún un pé Ṣíjúadé ará Ibefun fẹ́ adágún oníigi, mẹ́rin, pé owó pákó ti ṣe tán, àti pé ọkọ̀ ti lọ, òfin bàbá rẹ̀ ò dí wa lọ́wọ́ mọ́. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni ń ta ọjà tí kò dá a lójú.

A kọjá ààlà ìpínlẹ̀ Èkó.

Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ò tún pè fún ọkọ̀?”

Mo fẹ́ purọ́ fún un. Mo ní, “Rárá.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan.

“Ẹsẹ̀ bàtà mélòó?”

“Ogún. Ó ní kó má ga jù.”

“Ṣé wọ́n á nímú?”

“Bàbá Hanifah, adágún ẹja ni. Kí ni ẹja fẹ́ fi imú ṣe? Kò ní lọ síbì kankan.”

Ó ní, “Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan èyí tí kò nímú.”

Kò pariwo, kò bínú. Ó kàn sọ bó ṣe rí ni. Mo mú fóònù, mo pe Ṣíjúadé, mo ní adágún rẹ̀ á ti dé kí òjò tó wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n á nímú. Ó bi mí bóyá imú ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní rárá, imú ò lówó. Ó ní kò burú nígbà náà. Ó wá ní òun fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé: ibo ni kí imú wọn kọjú sí?

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo bi í.

Ó ní, “Ọ̀sà.”